Ta ni yóò san owó tiransifọ́mà wa?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé kan kọ̀wé sí mi láti Iléṣà. Mo gé ìwé rẹ̀ kúrú díẹ̀:

“Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tiransifọ́mà àdúgbò wa jó ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, inú òkùnkùn la wà látìgbà náà. Àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ká lọ dáwó ra òmíràn bí a kò bá fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Olóṣèlú kan ránṣẹ́ pé òun yóò rà á fún wa bí ìbò bá ti sún mọ́lé. Òmíràn ní Àbújá ló ba iná jẹ́, kò sí ohun tí ìpínlẹ̀ lè ṣe sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa wá dìde pé irọ́ ni, pé òfin ti yí padà láti 2023, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni iná wà báyìí. Ìpàdé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Èwo ni òótọ́? Ta ni ká dì mú? Ṣé ká dáwó àbí ká má dá a?”

Bàbá Akọ̀wé, ẹ kú ìfaradà. Oṣù mẹ́rin nínú òkùnkùn kì í ṣe kékeré, pàápàá fún àwọn tó ń ta ẹja tútù àtàwọn tó ń lọ ata. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó gbóná jù: ẹ má ṣe dá kọ́bọ̀ kan títí ìwé àdéhùn tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀ yóò fi wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sọ òótọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Ẹni tó ní kò sí ohun tí ìpínlẹ̀ lè ṣe, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ. Òótọ́ ni títí di oṣù Kẹta 2023, kì í ṣe òótọ́ mọ́. Ti ẹni tó fẹ́ ra tiransifọ́mà nítorí ìbò, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi le koko lórí ìwé? Ojú mi ló rí i. Ní àdúgbò tí mo ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀, ilé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló dáwó ní 2019, 50,000 náírà lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan wà láàárín wa tó ń ta ẹ̀wà, díẹ̀díẹ̀ ló san tirẹ̀, 500 lónìí, 1,000 lọ́jọ́ ọjà, tí akápò ń kọ ọ́ sínú ìwé fún un. Ọjọ́ tí ọkọ̀ gbé tiransifọ́mà náà dé, a lu ìlù, a pín ẹlẹ́rìndòdò fáwọn ọmọdé. A fún àwọn tó so ó lówó iṣẹ́. Kò sí ẹni tó béèrè ìwé kankan. Èmi gan-an tí mo ti fi ọdún mọ́kànlélógún ṣiṣẹ́ lórí wáyà iná kò béèrè, ó sì ń dùn mí dòní.

Nígbà tó di oṣù kẹrìnlá, wọ́n so òpópónà méjì mìíràn mọ́ ọn. Mo lọ wò ó lálẹ́ ọjọ́ kan. Ilẹ̀kùn àpótí fíúsì ti já. Níbi tó yẹ kí fíúsì wà ní ìlà pupa, ẹnì kan ti wé wáyà kọ́pà tó nípọn tó ọmọńdinrín ọwọ́ mi síbẹ̀, ó pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, òróró tiransifọ́mà sì ń rùn débi tí mo dúró. Fíúsì ló yẹ kó kọ́kọ́ kú kí tiransifọ́mà má baà kú. Nígbà tí wọ́n ti fi kọ́pà rọ́pò rẹ̀, kò sí ohun tó kù tó lè kú mọ́ àfi tiransifọ́mà fúnra rẹ̀. Agbára èyí tí a rà jẹ́ 300 kVA. Kò yẹ kí ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé ju nǹkan bí 417 ámpù lọ. Èyí tí mo wọ̀n lálẹ́ ọjọ́ yẹn lé ní 500. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó bú gbàù ní aago mẹ́jọ alẹ́.

A lọ fẹjọ́ sùn ní ilé-iṣẹ́ apíniná. Wọ́n ní orí wáyà àwọn ló wà, dúkìá àwọn ni, kò kàn wá ẹni tí àwọn bá so mọ́ ọn. A ní àwa la rà á. Wọ́n ní ìwé dà? Ìyá ẹlẹ́wà náà jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí a jábọ̀ fún àdúgbò. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń ká etí gèlè rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ ìlànà ti wà tó lè gbà wá. Láti 2015 ni NERC, ìyẹn àjọ tó ń ṣàmójútó ọ̀rọ̀ iná ní gbogbo ilẹ̀ yìí, ti gbé ìlànà kan jáde lórí owó tí oníbàárà bá fi sórí ẹ̀rọ àti wáyà ilé-iṣẹ́ apíniná. Ohun tó sọ kò lọ́jú pọ̀. Ojúṣe ilé-iṣẹ́ ni láti ra tiransifọ́mà, òpó àti wáyà. Bí àdúgbò bá fẹ́ rà á torí pé kò lè dúró mọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ ṣe àdéhùn, kí àdéhùn náà dárúkọ iye owó, kó sì sọ bí owó náà yóò ṣe padà sọ́wọ́ àwọn tó dá a. Ó lè padà bí owó, ó lè padà bí iná tí wọ́n ń yọ kúrò nínú ohun tí ẹ ó san títí yóò fi pé.

Ọmọ Òṣómàáló ni yín, Bàbá Akọ̀wé. Àwọn bàbá yín tó ń ta aṣọ láwìn kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, bí ọjọ́ owó bá pé, wọn kì í gba àga tí onígbèsè bá gbé fún wọn. Wọ́n á lóṣòó síwájú ilé rẹ̀ ni, wọn kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Irú ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Àmọ́ ẹ rántí pé àwọn bàbá yín mọ iye tí onígbèsè jẹ wọ́n, wọ́n sì mọ ọjọ́ tó dá. Ẹni tí kò ní àdéhùn, kí ló fẹ́ lóṣòó lé lórí?

Ó wá ku òfin tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nípàdé yín. Mo fẹ́ fara balẹ̀ níbẹ̀.

Nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, iná wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ lágbára lé lórí. Ẹ ó ní ṣebí ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́: ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí bí a ṣe ń ṣe iná, bí a ṣe ń gbé e àti bí a ṣe ń pín in, ní àwọn ibi tí gíríìdì àpapọ̀, ìyẹn wáyà ńlá tó so gbogbo ilẹ̀ yìí pọ̀, kò dé. Ẹ wá gbójú sókè ní Iléṣà. Wáyà ńlá 132 kV tó ti Òṣogbo wá gba ọ̀dọ̀ yín kọjá lọ sí Àkúrẹ́. Gíríìdì ti dé nìyẹn. Ìbáà ṣe wákàtí kan péré ni iná wà nínú rẹ̀ lóòjọ́, ìbáà má tilẹ̀ sí rárá, lójú òfin ìgbà náà ibi tí iná dé ni Iléṣà, ìpínlẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Abúlé inú igbó tí òpó kò dé nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún gómìnà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ló so wá mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún.

Èkó gbìyànjú láti jáde nínú rẹ̀. Ní 1999, gómìnà ìgbà náà, Bọ́lá Tinúbú, bá ilé-iṣẹ́ Enron ti Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn ẹ̀rọ amúnáwá tí wọ́n gbé sórí ọkọ̀ ojú omi. Ìjọba àpapọ̀ dá sí i, wọ́n tún àdéhùn náà ṣe, iná náà sì bọ́ sínú gíríìdì àpapọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí Èkó rí ṣe ni kí ó kọ́ ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fún ọ́fíìsì ìjọba, ilé ìwòsàn àti iná ojú títì ní iná.

Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà náà kò ní gbàgbé 1999. Ọdún yẹn ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi Olóyè Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, ṣe mínísítà iná. Inú wa dùn. A ní ọmọ wa ti dé ìdí ọ̀rọ̀. Iná tí gbogbo Nàìjíríà ń rí lò nígbà náà kò tó 2,000 mẹ́gáwáàtì, àwọn ẹ̀rọ ti gbó, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò ti tún wọn ṣe. Nígbà tó di 2000, wọ́n gbé e lọ sí ipò mínísítà ètò ìdájọ́, iná kò sì tíì dúró. N kò fi èyí bú olóògbé náà. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tilẹ̀ jókòó sórí àga náà ní Àbújá, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tóbi jù fún un láti ráyè wo tiransifọ́mà Iléṣà.

Lẹ́yìn náà ni òfin 2005 dé, NEPA di PHCN, wọ́n dá NERC sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2013, ìjọba Jonathan fa mẹ́wàá nínú àwọn ilé-iṣẹ́ apíniná 11 lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́, ó ta ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ó fi 40 sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Wáyà ńlá tó ń gbé iná láti ìlú dé ìlú, ìyẹn TCN, kò kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. A rò pé oníṣòwò yóò náwó. Òmíràn ná an, òmíràn kò ná an. Àmọ́ ẹni tó ń ṣọ́ wọn, Àbújá ló wà, àdúgbò yín sì jìnnà sí Àbújá.

Nígbà tó wá di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta 2023, Ààrẹ Buhari tọwọ́ bọ àtúnṣe ìwé òfin, wọ́n sì yọ “tí gíríìdì kò dé” yẹn kúrò. Kò pé oṣù mẹ́ta, Tinúbú tí wọ́n ti gba àdéhùn Enron lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan wá tọwọ́ bọ òfin iná tuntun gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ, ó sì fi í rọ́pò òfin 2005. Ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin yín ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí kò sọ ni pé agbára náà kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe òfin tirẹ̀, kí ó dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi ìwé tó NERC létí. NERC yóò wá kó àmójútó rẹ̀ lé e lọ́wọ́ láàárín oṣù mẹ́fà. Níbi tí ìpínlẹ̀ kò bá tíì ṣe èyí, NERC náà ló ṣì wà níbẹ̀. Láti 2024, Enugu ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀, Èkìtì àti Oǹdó tó mú ilé tì wá tẹ̀ lé e, Ọ̀yọ́ àti Ògùn náà ti bá wọn dé ibẹ̀. Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun dúró sí, Àbújá kọ́ ni kí ẹ wò. Ẹ wo Òṣogbo.

Orúkọ Òṣogbo yẹn sì dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Òṣogbo ni yàrá tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Láti ọ̀dọ̀ yín síbẹ̀ kò tó wákàtí kan nínú mọ́tò. Ẹ rò ó bí ìlù: gbogbo ẹ̀rọ amúnáwá, láti Kàǹjí dé Ẹ̀gbìn, ìlù kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ jó sí, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá já lójijì, ìlù náà á lọ́ra, àwọn yòókù tí kò lè jó sí ìlù tó lọ́ra á máa já tẹ̀ lé e, ilẹ̀ á sì ṣú láti Sókótó dé Kàlàbá. Ó ṣẹlẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ ní 2024. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ń gbìyànjú. Mo mọ̀ wọ́n, wọn kì í sùn. Ohun tí wọ́n fún wọn darí ni kò dúró: nǹkan bí 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì fún ènìyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù, gáàsì ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Òfin ìpínlẹ̀ kò lè yí ìyẹn padà lọ́la. Bí Ọ̀ṣun dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ lónìí, wáyà ńlá ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, owó tí wọ́n ń ra iná lórí gíríìdì kò sí lábẹ́ gómìnà. Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti gbóná. Ní oṣù Keje 2025, àjọ iná Enugu wo ìwé ilé-iṣẹ́ apíniná tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní owó Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 iná lóòjọ́ fún, kò yẹ kó ju 160 náírà lọ fún yúnìtì kan, ó sì gé e wálẹ̀ láti 209. Àwọn tó ń ṣe iná fárígá. Wọ́n ní ta ni yóò san ìyókù, nígbà tí gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn ti lé ní tírílíọ̀nù mẹ́rin náírà? NERC náà ní ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ kí iná rọjú lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó ti inú àpò ara rẹ̀ san ìyókù. Láàárín ọdún kan náà, àbá àtúnṣe òfin iná wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, àwọn kọmíṣọ́nnà iná láti àwọn ìpínlẹ̀ sì kọ̀ ọ́, pé Àbújá fẹ́ fi ọgbọ́n gba ohun tí ìwé òfin fún àwọn padà.

Níbo ni mo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ̀yìn ìpínlẹ̀ ni mo wà. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ apíniná jẹ́ ẹni tí ẹ lè wọ mọ́tò lọ bá láàárọ̀ kí ẹ sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ NERC yẹn tọ̀nà, mo sì fẹ́ kí àwa tó ń jà fún ìpínlẹ̀ máa sọ ọ́ fúnra wa. Gómìnà tó bá ṣèlérí iná olówó pọ́ọ́kú, kí ó fi iye owó ìrànwọ́ rẹ̀ sínú ìwé ìṣúná kí gbogbo ayé rí i. Bí kò bá sí níbẹ̀, gbèsè ló ń jẹ lórí wa.

Ọ̀rọ̀ owó iná yìí kò ṣe é fò. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin 2024 ni NERC gbé owó yúnìtì kan fún Band A láti 68 náírà sí 225. Ilé Aṣojú-ṣòfin ní kí wọ́n dá a dúró. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC àti TUC lọ ti ọ́fíìsì iná pa ní oṣù Karùn-ún. Owó náà sọ̀ díẹ̀, ó wá dúró sí nǹkan bí 209.

Mo bá ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín ní ọjà Àtàkúnmọ́sà ṣe ìṣirò yìí lẹ́yìn páálí ẹja rẹ̀. Fírísà rẹ̀ ń jẹ yúnìtì mẹ́rin lóòjọ́. Ká ní ó wà ní Band A, nǹkan bí 840 náírà ni yóò ná an. Kò sí níbẹ̀. Iná rẹ̀ kì í ju wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń fi ṣe ìyókù. Lítà epo kan kò lè fún un ju yúnìtì kan àbọ̀ lọ, ó sì ra epo ní 900 náírà lọ́sẹ̀ yẹn. Yúnìtì kan ti di 600 náírà, láìka òróró ẹ́ńjìnnì àti owó mẹkáníìkì. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀, ó wá ní, “Èmi tí wọ́n ní owó iná mi kò wọ́n ni mò ń san tó yìí?”

Ìdí nìyí tí n kò fi lè bá ẹnikẹ́ni pariwo pé owó iná ti pọ̀ jù kí n sì dákẹ́ síbẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tan gílóòbù méjì àti fáànù kan, kò ní jẹnẹrétọ̀ tí a fẹ́ fi wé e. Òun ló yẹ kí owó ìrànwọ́ ìjọba wà fún. Ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́ja yóò san 209 tayọ̀tayọ̀ bí wákàtí 20 náà bá pé. Ohun tó burú ni kí wọ́n gba owó Band A lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń fún ní iná wákàtí mẹ́jọ. NERC ti ṣòfin sí ìyẹn pé bí ọjọ́ méje bá tẹ̀ léra tí iná kò pé, kí wọ́n já àdúgbò náà sísàlẹ̀ sí ìpele tó ń rí gbà, kí owó rẹ̀ sì bá a sọ̀. Ó nílò ẹni tó ń kọ wákàtí iná sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fi ọmọ ilé-ìwé kan sí i, kí ó ní ìwé àjákọ fún un.

Ẹ̀rù kan ń bà mí lórí ti ìpínlẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Bí àjọ ìpínlẹ̀ bá di ibi tí wọ́n ń fi ẹni tó ṣe kòkárí ìbò sí, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wáyà 11 kV àti ti 33 kV, a ó pàdánù ju ti Àbújá lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Òṣogbo bá tún wá sí Iléṣà, ẹ má béèrè ìgbà tí iná yóò dé lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò dá yín lóhùn, kò sì ní jẹ́ nǹkan kan. Bí Ọ̀ṣun bá ti ní òfin iná tirẹ̀, ẹ ní kí ó mú ẹ̀dà rẹ̀ wá kí ẹ rí i. Ẹ bi í pé ta ni wọ́n yàn sínú àjọ náà, kí ni iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀, ṣé gómìnà lè ji lówùúrọ̀ kan kó lé wọn, níbo ni owó oṣù wọn ti ń jáde, àti pé nínú ìwé náà, ojú ewé wo ló ti sọ ẹni tó ń ra tiransifọ́mà. Ẹ dúró de ìdáhùn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé yín, ẹ kà á fún un kó tó wọ mọ́tò.

Ẹnì kan máa ń dìde nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, Ìjẹ̀ṣà ló sì máa ń jẹ́, tó máa ń ní kí ni a ń fi omi Olúmirin ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà ṣe, ṣé a kò lè fi ṣe iná ni? Ìbéèrè tó dára ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé omi náà ga dáadáa, ó kàn jẹ́ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń fẹ́lẹ́, ìgbà tí a sì nílò iná jù nìyẹn. Ó lè fún ìletò kan ní iná, kò lè gbé Iléṣà. Ibi tí mo rí ọ̀nà sí ni oòrùn. Òfin 2023 gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe iná tó tó mẹ́gáwáàtì kan níbì kan, kí ó sì pín tó 100 kílówáàtì, láìgba láísẹ́ńsì. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè fi bo orí ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìdí nìyí tí inú mi kò fi dùn ní oṣù Kẹta 2025 nígbà tí mínísítà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní wọn yóò dá kíkó páálí sólà wọlé dúró kí a lè máa ṣe é nílé. Kí a ṣe é nílé dára, ṣùgbọ́n kí a tó ti ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí èyí tí a ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹni tó fẹ́ ra tiransifọ́mà fún yín. Bí ó bá rà á, ẹ gbà á. Ẹni tó wà nínú òkùnkùn kì í kọ àtùpà. Owó iṣẹ́ àkànṣe tí wọ́n ti kọ sínú ìwé ìṣúná ni, lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ yín ni wọ́n fi gbà á, torí náà ẹ má kúnlẹ̀. Àmọ́ ìwé àdéhùn tí mo sọ, tirẹ̀ náà nílò rẹ̀. Kí ó fi iwájú ẹgbẹ́ onílé àti ilé-iṣẹ́ apíniná fà á lé yín lọ́wọ́, kí wọ́n kọ iye ilé tó máa gbé, kí ilé-iṣẹ́ sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé àwọn ló máa tún un ṣe. Mo ti rí tiransifọ́mà olóṣèlú tó dùbúlẹ̀ sínú koríko fún ọdún méjì pẹ̀lú orúkọ ẹni tó rà á tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ gàdàgbà sí i lára, torí pé kò sí ẹni tó fẹ́ san owó wáyà tí wọn yóò fi so ó.

Ohun tí ẹ ó ṣe lọ́sẹ̀ yìí nìyí. Ẹ ya fọ́tò àwo irin tó wà lára tiransifọ́mà tó jó, kí nọ́ńbà rẹ̀ àti kVA rẹ̀ hàn. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ilé tó wà lórí rẹ̀ àti nọ́ńbà mítà wọn. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ apíniná, kí ọjọ́ tó jó wà nínú rẹ̀, kí ẹ dárúkọ àwọn tó ní kí ẹ dáwó àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, kí ẹ sì ní kí ilé-iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ó tọwọ́ bọ àdéhùn ìdápadà owó lábẹ́ ìlànà 2015. Ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Bí ọjọ́ iṣẹ́ 15 bá kọjá tí wọn kò fèsì, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí NERC fi ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà, tàbí sí àjọ Ọ̀ṣun bí ó bá ti gba àmójútó, ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí aṣojú yín ní Òṣogbo kó má baà ní òun kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n rí àdéhùn náà kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá sì gbé tiransifọ́mà tuntun dé, ẹ pè mí kí wọ́n tó so ó. N ó wá láti Ifẹ̀, n ó mú ohun tí mo fi ń wọn ámpù dání, kí a jọ ṣí àpótí fíúsì wò.